Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀nà Yíyan Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà Eré fún Ẹni tí Owó Rẹ̀ Mọ Níwọ̀n

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ọ̀nà tí ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n lè gbà yan àwọn ẹ̀yà tí a fi ń to kọ̀ǹpútà eré. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún jù ni ìbáramu, nítorí pé ẹ̀yà tí ó lágbára jù kọ́ ni ó ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe ṣiṣẹ́ sí, bí kò ṣe ẹ̀yà tí agbára rẹ̀ kéré jù láàárín wọn. Àpilẹ̀kọ náà fi eré àti ojú mọ́nítọ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ó tú iṣẹ́ processor, káàdì àwòrán, RAM àti àpótí iná palẹ̀, ó sì fi ìṣirò hàn bí a ṣe ń dá àpótí iná gidi mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú. Ó yẹ ọjà àlòkù wò, ó sì dábàá ọ̀nà mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ.

Ìfáárà

Eré kì í ṣe ohun àjèjì láwùjọ Yorùbá. Bí àwọn àgbà bá ti oko dé, tí oòrùn ti rọlẹ̀, wọn a pàdé lábẹ́ igi, wọn a gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Ihò 12 ni ó wà lára ọpọ́n náà, ọmọ ayò 48 ni a sì ń pín sí i, mẹ́rin-mẹ́rin sí ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti ra ọpọ́n kan lè máa ta ayò lórí rẹ̀ títí tí ọmọ rẹ̀ yóò fi jogún rẹ̀. Eré orí ẹ̀rọ ayárabíàṣá, tí a tún ń pè ní kọ̀ǹpútà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọ́n ti géèmù jẹ́ ẹ̀rọ tí ó ní ẹ̀yà púpọ̀, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ní iye owó tirẹ̀, eré tí ó jáde lónìí a sì máa béèrè agbára ju ti èyí tí ó jáde lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn lọ.

Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó ń wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀, tàbí olùkọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ tí ó ń dá èésú. Bí owó náà bá pé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò forí lé ọjà Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Computer Village. Níbẹ̀, ẹ̀yà tuntun, tòkunbọ̀ àti ayédèrú ni ó jọ wà lórí àtẹ kan náà. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀yà tí kò bá ara wọn mu kì í sábà ní owó mìíràn tí yóò fi ṣe àtúnṣe. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kọjá ọ̀rọ̀ eré lásán. Ẹ̀rọ tí ó lè gbé eré dáadáa náà ni ó lè gbé iṣẹ́ títo fídíò ẹ̀kọ́ pọ̀ àti yíya àwòrán tí ń rìn fún kíláàsì. Bí ó bá jóná, eré bá a lọ, iṣẹ́ náà bá a lọ, owó oṣù púpọ̀ sì tún di eérú.

Àwọn ẹ̀yà àti iṣẹ́ wọn

Ẹ̀yà mẹ́jọ ni ó ṣe pàtàkì. Processor ni ọpọlọ ẹ̀rọ. Òun ni ó ń ṣírò bí bọ́ọ̀lù yóò ṣe yí, ibi tí alátakò yóò gbà yọ, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí eléré bá tẹ bọ́tìnì. Káàdì àwòrán, tí ọjà mọ̀ sí graphics card, ni ó ń ya gbogbo ohun tí processor bá ti pinnu kí ojú lè rí i. RAM dà bí tábìlì tí a tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ sí. SSD tàbí hard disk sì dà bí àká tí a kó ẹrù pamọ́ sí. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni ilẹ̀ tí gbogbo wọn dúró lé. Àpótí iná, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní power pack, ni ó ń gba iná ògiri, tí ó ń sọ ọ́ di irú iná tí àwọn ẹ̀yà yòókù lè jẹ. Casing ni ó bo gbogbo wọn, mọ́nítọ̀ sì ni ojú tí a fi ń rí iṣẹ́ wọn.

Ó yẹ kí a fojú inú wo processor bí apàlọ́, kí a sì wo káàdì àwòrán bí ayàwòrán tí ó jókòó tì í, tí ó ń ya gbogbo ohun tí ó bá sọ. Bí apàlọ́ bá yára ju ayàwòrán lọ, yóò máa dúró dè é. Bí ayàwòrán bá yára ju apàlọ́ lọ, òun náà yóò káwọ́ gbera. Ọ̀nà yòówù kí ó gbà, owó tí a ná sórí ẹni tí ó káwọ́ gbera ti ṣòfò. Àwọn àgbà ti sọ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e.

Eré àti ojú mọ́nítọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí olùrà kọ́kọ́ bèèrè pé káàdì wo ni ó lágbára jù tí owó òun lè rà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé eré wo ni òun fẹ́ ṣe, lójú mọ́nítọ̀ tí ó tóbi tó báwo? Àwọn tí ó ń ṣe eré máa ń kéde ohun tí ó kéré jù tí eré wọn nílò. EA Sports FC 24, eré bọ́ọ̀lù tí ó jáde ní ọdún 2023 lẹ́yìn tí orúkọ FIFA kúrò lára rẹ̀, béèrè káàdì GTX 1050 Ti tàbí RX 570, pẹ̀lú RAM 8GB, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí ó kéré jù. Cyberpunk 2077 ní tirẹ̀, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, béèrè GTX 1060 tí ó ní 6GB tàbí RX 580 tí ó ní 8GB, RAM 12GB, ó sì sọ SSD di ọ̀ranyàn láti ọdún 2023. Ẹni tí ó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan ni ó ń gbá lórí kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ san owó Cyberpunk.

Ìbéèrè kejì ni ti mọ́nítọ̀. Ojú mọ́nítọ̀ kún fún àmì kéékèèké tí ń tan ìmọ́lẹ̀. Mọ́nítọ̀ tí a ń pè ní 1080p ní àmì 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró. Bí a bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,073,600. Bí eré bá fẹ́ kí àwòrán pààrọ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, káàdì gbọ́dọ̀ kun àmì 124,416,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Mọ́nítọ̀ 4K ní àmì 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró, èyí tí ó jẹ́ 8,294,400. Ìlọ́po mẹ́rin gééré ni èyí jẹ́. Ó hàn gbangba pé ẹni tí ó ra mọ́nítọ̀ 4K ti di iṣẹ́ mẹ́rin lé káàdì rẹ̀ lórí. Fún ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, 1080p ni ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí. Bí a bá ti mọ èyí, a ti mọ irú káàdì tí a ń wá, kò sì sí oníṣòwò tí yóò lè ti olùrà sí ohun tí ó kọjá agbára rẹ̀.

Ìbáramu processor, mọ́dábọ́ọ̀dù àti káàdì

Processor kò ṣeé fi sórí mọ́dábọ́ọ̀dù èyíkéyìí. Ojú ìjókòó tí ó wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ jẹ́ irú ti processor náà. Nígbà tí AMD gbé Ryzen àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2017, orí ojú ìjókòó AM4 ni ó gbé e sí. Ryzen 5 5600 tí ó jáde ní ọdún 2022 ṣì ń jókòó síbẹ̀. AM5 tí ó dé lẹ́yìn náà ní ọdún 2022 kan náà kò gba RAM mìíràn àfi DDR5. Ní ti Intel, LGA1700 ni ojú ìjókòó tí ìran kejìlá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2021. Àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ kan ń gba DDR4, àwọn mìíràn ń gba DDR5, kò sì sí èyí tí a lè fi RAM ekejì sí. Olùrà tí kò bá ka ohun tí a kọ sára páálí lè délé pẹ̀lú ẹ̀yà mẹ́ta tí kò lè jókòó pọ̀.

Ìjókòó nìkan pàápàá kò tó ẹ̀rí. Processor Intel ìran kẹjọ ń lo LGA1151 bí ti ìran kẹfà àti ìkeje, síbẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tí a ṣe fún àwọn ìran méjì wọ̀nyẹn. Bákan náà, mọ́dábọ́ọ̀dù B450 tí ó ti pẹ́ lórí àtẹ kò ní dá Ryzen 5 5600 mọ̀ àfi bí a bá kọ́kọ́ sọ BIOS rẹ̀ di tuntun. Ẹni tí kò mọ èyí yóò tan ẹ̀rọ, fáànù yóò máa yí, mọ́nítọ̀ yóò sì ṣókùnkùn, yóò sì rò pé ẹ̀yà òun ti bàjẹ́.

Lẹ́tà tí ó wà lẹ́yìn nọ́ńbà processor náà ní ìtumọ̀. F lára Core i3-12100F ń fi hàn pé kò ní agbára àwòrán nínú ara rẹ̀. Bí kò bá sí káàdì, kò sí ohun tí yóò hàn lójú mọ́nítọ̀. G lára Ryzen 5 5600G ń fi hàn pé ó ní agbára àwòrán tirẹ̀. Ryzen 5 5600 tí kò ní lẹ́tà kankan lẹ́yìn kò ní in. Lẹ́tà kan ṣoṣo lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ tí ó ṣiṣẹ́ lónìí àti èyí tí yóò dúró de owó oṣù tí ń bọ̀.

Àpẹẹrẹ àìbáramu tí ó ṣe kedere jù ni ti káàdì RX 6500 XT tí ó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Ojú ọ̀nà mẹ́rin péré ni káàdì yìí ń lò láti bá mọ́dábọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ káàdì ń lo mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún. Lórí ẹ̀rọ tí ó ní PCIe 4.0, ọ̀nà mẹ́rin náà yára tó láti mú un jẹ. Lórí PCIe 3.0, ìyára wọn di ìdajì, eré a sì máa ta kókó, pàápàá nígbà tí 4GB tí ó wà lórí káàdì náà bá kún. PCIe 3.0 sì ni àwọn ẹ̀rọ àlòkù tí ẹni tí kò lówó púpọ̀ ń rà ní. Ryzen 5 5600G, bí ó tilẹ̀ jáde ní ọdún 2021, PCIe 3.0 náà ni ó ní. Káàdì tí a ṣe fún mẹ̀kúnnù wá di èyí tí kò bá ẹ̀rọ mẹ̀kúnnù mu.

Ní ti pípín owó, ìlànà tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tí ń to ẹ̀rọ ni pé kí káàdì gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta owó tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kí processor má sì gba ju ìdajì ohun tí káàdì gbà lọ. Iye tí a fi ta wọ́n nígbà tí wọ́n jáde fi èyí hàn: Core i3-12100F jẹ́ nǹkan bí dọ́là 97, RX 6600 jẹ́ dọ́là 329. Bí ẹnì kan bá fi processor olówó gọbọi sídìí káàdì tí kò lágbára, apàlọ́ ni ó ra; kò ra ayàwòrán.

RAM àti ibi ìpamọ́

Lórí RAM, 16GB ni ìwọ̀n tí ó yẹ fún eré òde òní. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹyọ 8GB méjì sàn ju ẹyọ 16GB kan lọ. Bí ẹyọ méjì bá wà ní ihò tí ó tọ́, processor yóò máa gba ojú ọ̀nà méjì dé ọ̀dọ̀ RAM lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tí kò tíì ní káàdì, nítorí inú RAM ni agbára àwòrán Ryzen 5 5600G ti ń jẹun. Bí ọ̀nà bá jẹ́ ẹyọ kan, ebi yóò máa pa á. Ó tún yẹ kí olùrà mọ̀ pé owó RAM kì í dúró sójú kan: ní apá ìparí ọdún 2025, ó fò sókè nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ tí ń to ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ń ra púpọ̀ nínú ohun tí a ń ṣe jáde. Nígbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù tí ó lè lo DDR4 àlòkù lè gba olùrà là.

Ní ti ibi ìpamọ́, SSD ni kí a kọ́kọ́ rà, bí ó tilẹ̀ kéré. SSD tí ń lo wáyà SATA lè ka nǹkan bí 550MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan; hard disk kì í sábà ju 200MB lọ. Hard disk wúlò fún fídíò àti ìwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí a ń fi eré tuntun sí.

Àpótí iná: ibi tí a kò gbọdọ̀ ṣahun sí

Nínú gbogbo ẹ̀yà, àpótí iná ni ojú olùrà kì í sábà wò, nítorí pé kì í mú eré yá, kì í sì í dán. Síbẹ̀, òun ni ó lè pa gbogbo àwọn yòókù. Bí processor bá bàjẹ́, processor ni ó bàjẹ́. Bí àpótí iná ayédèrú bá bàjẹ́, ó lè ju iná tí kò yẹ sára mọ́dábọ́ọ̀dù, káàdì àti SSD lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí iná NEPA ti ń lọ tí ó ń bọ̀, tí ó sì lè fi agbára tí ó ga ju ti àtẹ̀yìnwá dé, ewu yìí pọ̀ ju bí ó ti rí níbi tí iná ti dúró déédéé lọ.

Nọ́ńbà ńlá tí a kọ sára àpótí iná kò tó láti gbà á gbọ́. Ibi tí ó yẹ kí olùrà wò ni àtẹ kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lábẹ́ ìlà 12 fóltì, nítorí pé orí ìlà yìí ni processor àti káàdì ti ń jẹun. Bí a bá sọ fóltì di ìlọ́po áńpíà, ohun tí ó kù ni wáàtì. Bí àpótí kan bá kọ 500 wáàtì sára, ṣùgbọ́n tí ìlà 12 fóltì rẹ̀ kò ju 18 áńpíà lọ, 12 lọ́nà 18 jẹ́ 216. Wáàtì 216 ni ó ní fún iṣẹ́. Ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Àpótí mìíràn tí ó kọ 450 wáàtì, tí ìlà 12 fóltì rẹ̀ sì jẹ́ 37 áńpíà, ní 444. Èyí tí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ kéré ni ó lágbára ní ìlọ́po méjì. Bí àtẹ náà kò bá sí rárá, tàbí tí àpótí náà fúyẹ́ bí páálí òfìfo, kí olùrà fi í sílẹ̀. Àmì 80 PLUS, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2004, tún jẹ́ ìrànlọ́wọ́: ó ń fi hàn pé àpótí náà kì í fi ju ìdá márùn-ún iná tí ó gbà ṣòfò nígbà tí a dán an wò. Ṣùgbọ́n àmì ṣeé tẹ̀ sára ohunkóhun. Ìṣirò àti ìwúwo ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé e.

Iye wáàtì tí a nílò kì í ṣe ohun tí à ń méfò. Core i3-12100F lè jẹ tó 89 wáàtì nígbà tí ó bá ń sáré. RX 6600 ń jẹ 132. Bí a bá fi nǹkan bí 60 kún un fún mọ́dábọ́ọ̀dù, RAM, SSD àti fáànù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 281. Àpótí gidi tí ó jẹ́ 450 tàbí 500 wáàtì yóò gbé e láìlàágùn. Àmọ́ bí àpótí bá ń fi díẹ̀ ṣòfò, ohun tí ẹ̀rọ yóò fà láti ara ògiri lè tó 330, mọ́nítọ̀ sì lè sọ ọ́ di nǹkan bí 360. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní “I better pass my neighbour” kì í gbé ju nǹkan bí 650 wáàtì lọ, iná rẹ̀ a sì máa gbọ̀n nígbà tí fíríìjì tàbí áyọ́ọ̀nù bá bọ́ sí i. Nítorí náà, kí a má so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí stabilizer tàbí UPS láàárín. Lórí UPS pàápàá, VA kì í ṣe wáàtì. UPS tí a kọ 650VA sára lè má gbé tó 400 wáàtì, nítorí náà nọ́ńbà wáàtì ni kí a kà.

Casing kò nílò gíláàsì tàbí iná aláràbarà. Ohun tí ó nílò ni ihò tí atẹ́gùn lè gbà wọlé níwájú, fáànù kan tí ń fa atẹ́gùn wọlé, àti òmíràn tí ń tì í jáde lẹ́yìn. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa dí àwọn ihò wọ̀nyí. Kí a gbọ̀n wọ́n nù lóṣooṣù.

Ọjà àlòkù

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ eré tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n kò lè ṣe é ṣe láìsí àlòkù. Kì í ṣe àléébù, bí olùrà bá la ojú rẹ̀. Láàárín ọdún 2020 sí 2022, ọ̀pọ̀ ènìyàn kárí ayé ra káàdì àwòrán láti fi wa owó Ethereum. Nígbà tí Ethereum yí ètò rẹ̀ padà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, iṣẹ́ náà parí fún àwọn káàdì wọ̀nyẹn, púpọ̀ nínú wọn sì bọ́ sí ọjà. Káàdì tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣì dára, ṣùgbọ́n fáànù rẹ̀ ti yí tọ̀sán-tòru, ohun bí ìpara tí ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀ sì lè ti gbẹ. Owó àtúnṣe wọ̀nyí ni kí a yọ kúrò nínú iye tí a fẹ́ san.

Ewu tí ó ju èyí lọ ni ti orúkọ. Àwọn káàdì àtijọ́ kan wà tí àwọn oníjìbìtì ti yí ohun tí ó wà nínú wọn padà kí kọ̀ǹpútà lè máa pè wọ́n ní GTX 1050 Ti. Yàtọ̀ sí èyí, ní ọdún 2018, AMD gbé káàdì kan jáde fún ọjà Ṣáínà tí ó ń jẹ́ RX 580 2048SP. Orúkọ jọra, agbára kò jọra: RX 580 gidi ní ẹ̀yà ìṣirò 2304, èyí ní 2048, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ RX 570 ní gbogbo ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra káàdì àlòkù yẹ kí ó gbé GPU-Z lọ́wọ́ nínú flash. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń fi ohun tí káàdì jẹ́ gan-an hàn. Kí ó sì ní kí wọ́n fi káàdì náà ṣe eré fún ìṣẹ́jú 20 níwájú rẹ̀, nítorí káàdì tí ó ń ṣàìsàn kì í sábà fi hàn kí ooru tó mú un.

Ó tún yẹ kí a ṣírò iná mọ́ owó àlòkù. RX 580 ń jẹ 185 wáàtì, RX 6600 tí ó lágbára jù ú lọ ń jẹ 132. Ẹni tí ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ yóò máa san ìyàtọ̀ náà ní gbogbo ọjọ́ tí ó bá ṣeré. Lẹ́yìn èyí, kí a wo ọjọ́ orí processor. Microsoft dá ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 sì béèrè TPM 2.0, àti, ní ti Intel, processor láti ìran kẹjọ sókè ní gbogbogbòò.

Ọ̀nà mẹ́ta fún agbára mẹ́ta

Ọ̀nà kìíní wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù. Kí ó ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tí ó ga, tí processor rẹ̀ jẹ́ Core i5-8500 tàbí irú rẹ̀, kí ó sọ RAM rẹ̀ di 16GB, kí ó sì fi GTX 1650 kún un. Ìdí tí a fi mú káàdì yìí ni pé kò ju 75 wáàtì lọ, ihò mọ́dábọ́ọ̀dù sì lè fún un ní gbogbo rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kò nílò wáyà iná mìíràn. Èyí bá kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì mu, nítorí àpótí iná rẹ̀ kì í sábà ju 300 wáàtì lọ, ẹnu wáyà rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti ọjà. Kí olùrà wọn ààyè inú casing kí ó tó lọ, nítorí pé èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í gba káàdì gíga.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí owó rẹ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Kí ó ra Ryzen 5 5600G, mọ́dábọ́ọ̀dù AM4 gidi, RAM 8GB méjì, SSD, àti àpótí iná tí ó lè gbé káàdì ọjọ́ iwájú. Yóò lè gbá bọ́ọ̀lù àti àwọn eré tí kò wúwo bí ó bá dín ẹwà àwòrán wọn kù. Bí èésú bá tún kàn án, kí ó ra káàdì kún un. Ó sàn kí a kọ́kọ́ ra àpótí iná gidi láìsí káàdì ju kí a ra káàdì gidi sórí àpótí tí yóò jó o lọ.

Ọ̀nà kẹta ni ti ẹni tí owó rẹ̀ ti pé. Core i3-12100F tàbí Ryzen 5 5600, pẹ̀lú RX 6600, RAM 16GB, SSD àti àpótí iná gidi tí kò dín ní 450 wáàtì, yóò gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn eré òde òní lójú mọ́nítọ̀ 1080p. Kò sí ẹ̀yà kan nínú wọn tí yóò káwọ́ gbera wo òmíràn.

Ìgúnlẹ̀ àti àbá

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé yíyan ẹ̀yà kọ̀ǹpútà eré jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Eré ni ó ń sọ irú mọ́nítọ̀ àti káàdì tí a nílò, káàdì ni ó ń sọ irú processor, àwọn méjèèjì ni ó sì ń sọ irú àpótí iná. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ètò yìí yóò dé ọjà pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ojú tí ó ń wá ohun tí ń tàn.

Àbá mẹ́ta ni ó jáde. Èkíní, kí àwọn tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fi ìṣirò 12 fóltì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì, nítorí pé ìlọ́po tí ọmọ girama lè ṣe ni, ó sì lè gba ẹ̀rọ yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ náà là. Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ rajà má ṣe dá nìkan lọ. Kí ó mú ẹni tí ó ti to ẹ̀rọ rí dání, kí ó sì gba rìsíìtì tí a kọ nọ́ńbà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí. Ẹ̀kẹta, kí owó stabilizer tàbí UPS wà nínú owó ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ó máa wá lẹ́yìn tí iná bá ti ṣe ọṣẹ́. Ọpọ́n ayò kò nílò ìtọ́jú púpọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ. Kọ̀ǹpútà náà lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, bí a bá ti kọ́kọ́ fi ìtẹ́ tí ó wọn eku náà sí abẹ́ rẹ̀.